Àmì Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Lórí Òrùlé Kan

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Muslimah nígbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún kú. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, pé egungun náà ti kú, àfi bí ẹni pé ó ní ẹ̀mí tirẹ̀ lọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ ọn, ó sì ti mọ ìrora egungun bí ẹní mowó. Bó bá dé, yóò lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì lọ. Ti ìbàdí yìí dé, kò lọ mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ irú egungun bẹ́ẹ̀. Muslimah béèrè iye tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n dá a lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì ló gbà dípò rẹ̀. Ó fi wọ́n ti ara rẹ̀ jáde nílé-ìwòsàn náà, kò sì tíì sọ wọ́n sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ọdún kẹjọ rèé.

Èyí tó ya àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Àgbowó lẹ́nu ni irú iṣẹ́ tó yàn láàyò. Iṣẹ́ ìrìn ni. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Bódìjà tó máa ń wádìí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ló máa ń rán Muslimah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìlú àti abà kí wọ́n máa bi àwọn obìnrin léèrè: ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló yè, ta ló gbẹ̀bí yín, omi wo lẹ̀ ń mu. Ẹni tí gbogbo ayé ní kò lè rìn ló wá ń ti ara ìrìn jẹun. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í yé sọ fún un pé, “Muslimah, jókòó sílé, kí o wá nǹkan tà.” Òun náà kì í yé rẹ́rìn-ín.

Ìdí wà tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi fi í sílẹ̀. Ará Ìgbòho ni bàbá àti ìyá tó bí i, kò sí ohùn kan tí wọ́n ń fọ̀ ní Òkè-Ògùn tí kò gbọ́. Àwọn ọ̀pá náà sì tún ń bá a ṣiṣẹ́. Kò sí obìnrin tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ó rí ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ nínú oòrùn, kí ó sọ pé òun kò ráyè. Wọ́n á gbé àpótí fún un, wọ́n á bu omi, wọ́n á bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Á sọ fún wọn. Bí òun bá sì ti sọ tirẹ̀ tán, tiwọn kì í ṣòroó sọ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn pé máa ń kó ìdáhùn wálé. Muslimah máa ń kó ọ̀rọ̀ wálé.

Ẹrù ni ìṣòro rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀pá, ọrùn àti ẹ̀yìn nìkan ló kù tó lè fi gbẹ́rù. Láyé ìwé, ó máa ń di fọ́ọ̀mù mẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pa ìwé tì, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá kan fún un, ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó sì wúwo bí bíríkì. Yóò gbé e kọ́rùn nínú àpò, bó bá sì ti ń fò láti orí ọ̀pá sórí ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà yóò máa lù ú láyà, gbà, gbà, gbà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá fi máa dé ibi tó sùn sí, ọrùn rẹ̀ kò ní í ṣeé yí. Ìrora ọrùn yóò ké sí ti ìbàdí, ti ìbàdí yóò jí ti gbogbo ara. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ́ pé láti oko ìwádìí ni wọ́n ti gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì pé iṣẹ́ tuntun ń bọ̀ ní Òkè-Ògùn, àti pé lọ́tẹ̀ yìí ilé-iṣẹ́ yóò fún oníkálùkù lówó kó lọ ra tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá ara rẹ̀ mu, Muslimah ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n wò kò pọ̀: kí ojú rẹ̀ má kéré ju íǹṣì méje lọ, kí bátìrì rẹ̀ lè lo ọjọ́ kan gbáko, kí ó sì lè mọ ibi tí ó wà, torí pé áàpù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ máa ń fi àmì ibi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ sára ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìwúwo. Ìyẹn ni Muslimah fi sọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Ìdùnnú lọ sí Dùgbẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni Ìdùnnú, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyí. Muslimah ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ pọ̀ débi pé awakọ̀ takisí já wọn sílẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ìsàlẹ̀ ilé ìtajà alájà mẹ́ta kan ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wọ̀ wà, kò sí àtẹ̀gùn láti gùn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ ló ni ín, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí kí wọ́n tó dá a dúró. Ó rí ọ̀pá, ó dìde fún Muslimah lórí àga tirẹ̀.

“Ìwọ̀n wo lẹ ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Èyí tó fúyẹ́ jù.”

Moyọ̀sọ́rẹ rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ẹni tó ń wọlé síbí, fọ́tò ni wọ́n ń béèrè, ṣé ó ń ya fọ́tò dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè ìwúwo.”

Ó kó mẹ́ta sílẹ̀ lórí gíláàsì. Ọ̀kan fẹ̀, ó jọ ti ọ́fíìsì. Muslimah kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Èkejì kò fẹ̀ jù, ó nípọn díẹ̀, ó ní ojú tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀. Ẹ̀kẹta tín-ín-rín bí ìwé ọmọ iléèwé, Wáífáì nìkan ló ń lò, kò ní ojú síìmù.

Muslimah yọ àpò tó ń gbé kọ́rùn jáde. Ó fi èkejì sínú rẹ̀, ó gbé e kọ́rùn, ó dìde, ó sì fi ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà dé ibi tí wọ́n ti ń ta aago ògiri ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò ó. Nǹkan náà ń lù ú láyà, kò le tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń lù ú. Ó padà wá, ó yọ ọ́, ó fi ẹ̀kẹta síbẹ̀, ó tún rìn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta aago, ó dúró, ó wo àyà ara rẹ̀ bóyá àpò náà ti já bọ́. Kò já. Kò kàn mọ̀ pé ó wà lára òun mọ́ ni.

Ó padà dé, ojú rẹ̀ ti lẹ́kún.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?” ni Moyọ̀sọ́rẹ bi í.

“Kò sí. Eléyìí ni.”

Ìdùnnú mú èkejì lọ́wọ́. “Àǹtí Muslimah, ẹ jẹ́ ká mú ti àárín yìí. Ó ní ojú síìmù. Abà là ń lọ.”

“Síìmù wà nínú fóònù mi. Tí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, màá fi fóònù fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdùnnú, ìwọ ò mọ nǹkan tí àpò yẹn ń fi ọrùn mi ṣe.”

“Kò burú. Ṣé ó máa mọ ibi tá a wà ṣá?”

Muslimah gbé ìbéèrè náà kọjú sí olùtajà. Kò fojú fò ó. “Màdáámù, ṣé ó máa ń mọ ibi tí èèyàn wà?”

“Àbí kí ni?” Moyọ̀sọ́rẹ ṣí máàpù. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà funfun díẹ̀, lẹ́yìn náà ni títì Dùgbẹ̀ hàn, ilé alájà mẹ́ta náà hàn, àmì róbótó aláwọ̀ aró kan sì dúró gẹ́lẹ́ lórí ibi tí wọ́n jókòó sí. “Ẹ wò ó. Àwa nìyẹn.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé Wáífáì ṣọ́ọ̀bù náà ló sọ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbéra. Ìdùnnú gba apá Ìsẹ́yìn. Muslimah gba Kíṣì, torí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ìrìn jíjìn bẹ́ẹ̀, tí òun sì ti fẹ́ràn ibẹ̀ tipẹ́. Ilé àlejò kan ló dé sí láàárín ìlú. Onílé náà gbé abọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì funfun kan sórí òrùlé, tí gbogbo yàrá fi ní Wáífáì, àwọn tó ń kọjá ṣì máa ń dúró wò ó. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí Muslimah bá ti kírun tán, yóò tan tábúlẹ́ẹ̀tì náà nínú yàrá. Áàpù yóò wá ibi tó wà, àmì aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé ó ti rí i yóò jáde, Muslimah yóò sì tì í bọnú àpò. Ọ̀kadà yóò gbé e dé ibi tí ọ̀nà pin sí. Òun ni yóò fi ọ̀pá rìn ìyókù.

Bó bá dé abà, tó ṣí i, àmì aláwọ̀ ewé náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ọrùn kọ́ ni mo ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ náà sinmi. Ohun tó mú un láyọ̀ ni pé agbára díẹ̀ ṣì máa ń kù fún un bí ọjọ́ bá ti lọ, tí yóò fi lè jókòó ti obìnrin kan títí tí ìyẹn yóò fi sọ̀rọ̀ débi tó fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní abà kan tí wọ́n ń pè ní Bùdó Ìrókò. Ìyàwó Ikúbọlájẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Iṣu ló ń gé fún gbígbẹ nígbà tí Muslimah dé bá a. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sóko. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè ní kíákíá bí ẹni tó fẹ́ padà sídìí iṣu rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló ní òun bí, méjì ló yè. Muslimah kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà bi í léèrè nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, Muslimah sì sọ fún un bí egungun ṣe ń kú sínú ẹni tó wà láàyè.

Obìnrin náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Má kọ mẹ́fà,” ló wí. “Méje ni.”

Muslimah gbé ìka kúrò lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ti kọ́ pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti ba nǹkan jẹ́.

Oko ló bí èkeje náà sí, òun nìkan. Obìnrin ni. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́. Ó fi ọkọ́ tó fi ń ro ilẹ̀ gbẹ́lẹ̀ fún un lábẹ́ igi igbá kan, ó wẹ ara rẹ̀ lódò, ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé oyún náà bàjẹ́ lára òun, torí pé wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri nígbà náà pé ọwọ́ òun ni àwọn ọmọ ń kú sí. Ọdún mọ́kànlá rèé. Kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

“Ó ké,” ló tún wí. “Ẹni tó bá ké, èèyàn ni. Kọ ọ́ mọ́ wọn.”

Muslimah pa mẹ́fà rẹ́, ó kọ méje. Ó fi ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà han obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé. Ìyẹn fi ìka kan fọwọ́ bà á, ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni ìpè wọlé láti Bódìjà. Bólúwadúró ni, ọ̀gá tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ oko. “Muslimah, ẹ má lọ síbì kankan lónìí. Ẹ máa bọ̀ ní Ìbàdàn.” Muslimah bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kí ó wá ná.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Bólúwadúró, kì í pariwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Ó fa àga fún Muslimah, ó bá a gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Máàpù Òkè-Ògùn ló wà níbẹ̀. Ní apá Ìsẹ́yìn, àmì pupa fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Ní apá Kíṣì, àmì kan ṣoṣo ló wà.

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta nìyẹn,” ni Bólúwadúró wí. Ó sún un mọ́ tòsí títí tí òrùlé ilé àlejò náà fi hàn pẹ̀lú abọ́ funfun tó wà lórí rẹ̀. “Gbogbo ẹ̀, orí òrùlé kan.”

Muslimah wò ó. Kò kọ́kọ́ yé e.

“Ọ̀gá, mo dé ibẹ̀. Mo dé gbogbo abà yẹn.”

“Mo mọ̀ pé ara yín ò fi bẹ́ẹ̀ le,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ó yẹ kí ẹ ti sọ fún wa pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn jù. Kò sẹ́ni tí ì bá bá yín wí. Ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó sínú yàrá, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn…”

“Mi ò jókòó sínú yàrá!”

Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn dákẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú ọkùnrin náà, níbi tí ọ̀pá ti bó o, tó jinná, tó tún bó o. Bólúwadúró wò wọ́n, ó gbójú kúrò. Ó ní òun kò sọ pé ó jẹ́ èèyàn burúkú. Ó ní àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà láti òkè òkun ti rí máàpù yìí kí òun tó rí i.

“Ẹ pe àwọn obìnrin náà. Ẹ bi wọ́n.”

“Mélòó ló ní fóònù nínú wọn?”

Ó ronú. “Mẹ́rin.”

“Mẹ́rin lára mẹ́tàlélọ́gọ́ta.” Ó pa ojú kọ̀ǹpútà náà dé.

Nígbà tí Muslimah jáde, Ìdùnnú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti pe òun náà wálé fún ìpàdé. Ó tẹ̀lé e dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ló ti bi í, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú orun lọ:

“Àǹtí mi, ṣé ẹ dé gbogbo ibẹ̀ lóòótọ́?”

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún Muslimah lọ́jọ́ náà, èyí ló wọ̀ ọ́ lára jù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, ó wọ̀ ọ́ lọ.

Tààrà ló gba Dùgbẹ̀ lọ. Moyọ̀sọ́rẹ tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá inú rẹ̀ kiri, ó pe ẹni tó ń kó ọjà fún un, ó tún pe ẹlòmíràn tó mọ̀ jù ú lọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò lè wo ojú Muslimah.

“Èyí tó ní ojú síìmù nìkan ni wọ́n fi jí-pí-ẹ́ẹ̀sì sí,” ló wí. “Ìyẹn ni ohun tó ń bá sátẹ́láìtì ojú sánmà sọ̀rọ̀. Eléyìí ò ní in. Wáífáì tó bá wà nítòsí ló fi ń mọ ibi tó wà. Tí kò bá sí Wáífáì níbì kan, ibi tó mọ̀ gbẹ̀yìn ló máa di mú.”

“Òrùlé yẹn ló mọ̀ gbẹ̀yìn.”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò mọ̀. Mo fi ọmọ mi búra, mi ò mọ̀.”

Muslimah gbà á gbọ́. Kò sí ìbínú kankan tó rí gbé sórí obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ì bá ràn án lọ́wọ́. Ó rántí bí wọ́n ṣe fi ti àárín hàn án, tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ ìwúwo àwọn méjèèjì kò tó odindi ṣùkù àgbàdo kan. Ọrùn ara rẹ̀ ló fi yàn.

Moyọ̀sọ́rẹ jókòó, ó kọ lẹ́tà sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Muslimah gbé e lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní ọ̀gá yóò rí i. Ọjọ́ kẹwàá ni èsì dé sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà náà, àwọn sì mọ rírì rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin àwọn tó ń náwó ni pé ìdáhùn tí àmì ibi tó ti wá kò bá péye, pípa ni wọn yóò pa á rẹ́. Wọ́n ti pa mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà rẹ́. Wọ́n ti rán ẹlòmíràn lọ sí Kíṣì. Wọ́n ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tó bá tún ń lọ.

Lọ́jọ́ náà ni ara rẹ̀ ṣubú. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ibùsùn, ìyá rẹ̀ ń fi omi gbígbóná tẹ oríkèé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun,” ni ìyá náà ń wí. “Ohun tí a kọ mọ́ ẹ̀dá ni.” Muslimah a máa kọjú sí ògiri. Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kádàrá láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ó sì ti gbà á fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gbà á fún ìbàdí rẹ̀. Èyí nìkan ni kò rí gbà. Ẹ̀jẹ̀ àti egungun, wọ́n ti ọ̀run bá a wá. Òtítọ́, òun ló fi ẹsẹ̀ òun tí kò dá ṣáṣá wá a lọ, tó rí i, tó gbé e wálé, tí wọ́n sì ní irọ́ ni.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Ìdùnnú wá sí Àgbowó. Ọ̀sán Sátidé ni. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin tó rà wá sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Muslimah bí ọmọdé tó fẹ́ jẹ́wọ́.

“Èmi ni wọ́n rán lọ sí Kíṣì, Àǹtí.”

“Mo ti rò bẹ́ẹ̀.”

“Gbogbo abà tí mo dé, ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á ní, ẹni tó fi ọ̀pá rìn ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti le? Bàbá kan fi ẹ̀wà rán mi sí yín, ó bàjẹ́ lọ́nà.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Mo délé, mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní, sà, obìnrin yìí débẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti ti fáìlì náà, àti pé orúkọ yín ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Ẹ dárí jì mí, Àǹtí. Mo bi yín ní ìbéèrè yẹn.”

Muslimah gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá lè sọ ọ́ jáde pé òótọ́ ni, nǹkan kan yóò tú nínú òun. Ohunkóhun kò tú.

“O dé Bùdó Ìrókò?”

“Mo débẹ̀.”

“O rí Ìyàwó Ikúbọlájẹ́?”

“Ẹni tó ń gé iṣu? Mo rí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jókòó. Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

“Mélòó lo kọ?”

Ìdùnnú wojú rẹ̀, ìbéèrè náà kò yé e. “Mẹ́fà. Ó ní mẹ́fà lòun bí.”

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Muslimah. Ṣùgbọ́n wọ́n ti búra, gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ló máa ń búra, pé ohun tí obìnrin kan bá sọ kò ní í ti ẹnu wọn jáde lórúkọ rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Ó dáa,” ló wí. “Ẹ ṣeun tí ẹ wá.”

Ìdùnnú gbọ́ “ẹ” tó fi dá òun lóhùn bí àlejò, ó sì tẹrí ba. Kò tún padà wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Muslimah wáṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí mẹ́rin. Méjì kò dáhùn. Ọ̀kan pè é, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n ní kí ó máa retí ìpè àwọn. Ìkẹrin sọ ojú abẹ níkòó fún un pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Kò wá òmíràn mọ́. Ó gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbowó, lọ́wọ́ iwájú géètì yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ìjókòó ni iṣẹ́ náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ dunnú, ó ní Ọlọ́hun ti gbọ́ àdúrà òun.

Ní oṣù Ẹ̀bìbí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré kí ọjọ́ tó pé wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé wá fún un, kó bá òun tẹ orí kẹrin. Igba obìnrin ló kọ síbẹ̀ pé òun bi léèrè ní abúlé méje nítòsí Ìlórà. Muslimah ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹta, ó rí i pé obìnrin ogójì tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú ìdáhùn kan náà. Ó gbójú sókè.

“Ṣé ẹ lọ sí àwọn abúlé yìí?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ dín ohùn rẹ̀ kù. “Àǹtí, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ gbogbo ẹ̀. Ta ló fẹ́ máa rìn nínú oòrùn? Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.”

Àwọn méjì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Iná mànàmáná lọ, oníṣọ́ọ̀bù fa jẹnẹrétọ̀, iná padà dé. Muslimah sún ìwé náà mọ́ra, ó fi ìka wá ibi tó ti dúró, ó sì ń tẹ ìyókù lọ: obìnrin kọkànlélógójì, obìnrin kejìlélógójì, obìnrin kẹtàlélógójì.